Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ Kì Í Ṣe Oògùn

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin òbí wa, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kò dùn-ún sọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Òjòó, nílùú Ìbàdàn, ilé tí wọ́n ń pè ní ibi ìtọ́jú, tí ó sì wà lábẹ́ orúkọ mọ́sáláásí. Ènìyàn 259 ni wọ́n kó jáde níbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Rígásà, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, níbi tí wọ́n ti bá ọkùnrin àti ọmọdékùnrin rẹpẹtẹ, tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Daura, ní ìpínlẹ̀ Kàtsínà. Lóṣù mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, orúkọ ẹ̀sìn wa ni gbogbo ayé ń kà mọ́ ẹ̀wọ̀n.

Ta ni wọ́n ń kó lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀? Àwọn kan nínú wọn jẹ́ aláàárẹ̀ ọpọlọ. Àwọn kan ti bá igbó àti tramadol dọ́rẹ̀ẹ́. Àwọn kan kò ṣe ju pé wọ́n sá nílé ìwé tàbí pé wọ́n ya aláìgbọràn lọ. Ohun tí ó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé ẹnì kan gbé wọn wá, ẹnì kan gbà wọ́n sílé, kò sì sí ẹnì kẹta tí ó béèrè pé kí ni ẹ ń ṣe fún wọn níbẹ̀.

Ẹnì kẹta yìí ni à ń wá. Àwa ń sọ ọ́ gbangba pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gba aláàárẹ̀ ọpọlọ sílé, ìbáà ṣe dókítà, ìbáà ṣe ààfáà, ìbáà ṣe wòlíì tàbí babaláwo, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ìjọba sì gbọ́dọ̀ máa wọ ilé náà lọ wò. Àwa Mùsùlùmí ni ó sì yẹ kí á kọ́kọ́ béèrè fún un, kí a má dúró dìgbà tí wọn yóò fi ipá mú wa.

KÌ Í ṢE TIWA NÌKAN, ṢÙGBỌ́N TIWA WÀ NÍBẸ̀

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé Mùsùlùmí nìkan ni àwọn oníròyìn ń dójú sọ. Ẹ jẹ́ kí á fi òdodo sọ̀rọ̀. Láàárín ọdún 2018 sí 2019, àjọ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí wọ́n ń pè ní Human Rights Watch bẹ ibi ìtọ́jú 28 wò ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti ní Àbújá. Ibi ìtọ́jú àwọn ààfáà wà nínú wọn, ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú wọn, ilé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wà nínú wọn, ilé ìwòsàn ìjọba pàápàá kò gbẹ́yìn. Ìtìmọ́lé, ẹ̀wọ̀n àti ìyà ni wọ́n bá ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ti ààfáà nìkan ni, ó parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní kò sí ti ààfáà níbẹ̀, irọ́ tirẹ̀ tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ó fi orúkọ Ọlọ́hun bò ó mọ́lẹ̀.

Aládùúgbò tí ó jẹ̀bi kò lè sọ wá di aláre. Bí wòlíì kan bá na wèrè ní pàṣán lórí òkè, ìyẹn kò sọ kòbókò ààfáà di súnnà.

ÒFIN TI WÀ, OJÚ NI KÒ SÍ

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ dókítà ti rí ní orílẹ̀-èdè yìí. Òfin ọdún 1988 ni ó fi Ìgbìmọ̀ Oníṣègùn àti Oníṣègùn Eyín múlẹ̀ bí ó ti wà títí di òní. Dókítà tí ń tọ́jú ọpọlọ kò lè ṣiṣẹ́ bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé ìgbìmọ̀ yìí, ọdọọdún ni ó sì gbọ́dọ̀ tún ìwé àṣẹ rẹ̀ ṣe. Bí ó bá ṣìwà hù sí aláìsàn, ibì kan wà tí a lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí. Ẹ̀ka kan yóò wádìí, ilé ẹjọ́ ìgbìmọ̀ náà yóò sì gbọ́ ẹjọ́. Wọ́n lè bá a wí, wọ́n lè dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé pátápátá. Àwọn nọ́ọ̀sì náà ní ìgbìmọ̀ tiwọn. A kò sọ pé àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí kò ní àbùkù. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí wọ́n ṣe níbi níbẹ̀ mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn.

Ọmọ tí wọ́n so mọ́ òpó ní ilé ìtọ́jú aláìníwèé àṣẹ ńkọ́? Ilẹ̀kùn ta ni yóò kàn? Baba rẹ̀ ni ó mú un wá. Onílé ni ó ti í mọ́lé. Àwọn aládùúgbò ń gbọ́ igbe rẹ̀, wọ́n ní wèrè ni. Kò sí ẹlẹ́rìí tí a kà sí ẹlẹ́rìí.

Fún ọdún tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ, òfin tí ó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà jẹ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì amúnisìn. Wọ́n ṣe é ní 1916, ó tún wọ inú àkójọ òfin ọdún 1958, orúkọ rẹ̀ sì ni òfin wèrè. Bí a ó ṣe kó wèrè kúrò lójú títì ni ó jẹ ẹ́ lógún ju bí ara rẹ̀ yóò ṣe yá lọ. Láti 2003 ni wọ́n ti gbé àbá òfin tuntun wọ ilé aṣòfin, tí wọ́n ń gbé e kalẹ̀ tí wọ́n tún ń gbé e sókè. Ó di oṣù kìíní ọdún 2023 kí Ààrẹ Muhammadu Buhari tó buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2021. Òfin yìí ní kí ẹ̀ka kan wà fún ìlera ọpọlọ ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ètò ìlera. Ó ní kí àpò owó kan wà fún un. Ó kọ ìyà àti ìwà ẹ̀gàn sí aláàárẹ̀ ọpọlọ, ó sì ní kí ìgbìmọ̀ kan wà tí ẹni tí wọ́n dá dúró fún ìtọ́jú lè ké sí.

Òfin dára, àmọ́ bébà kò lè tú ẹ̀wọ̀n. Ìjọba tí ó wà ní Àbújá kò lè mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìnkùlé ní Òjòó tàbí ní Ìkirè. Ìpínlẹ̀ ni ó súnmọ́ ibẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ìlera ọpọlọ tirẹ̀ ní 2018, ó sì ní àjọ HEFAMAA tí ń forúkọ ilé ìwòsàn sílẹ̀ tí ó sì ń yẹ̀ wọ́n wò. Ìbéèrè wa sí gbogbo ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ni pé, bí ẹ bá ń yẹ ilé ìgbẹ̀bí wò, tí ẹ ń yẹ ilé oníkẹ́mísìtì wò, kí ló dé tí ilé tí a ti ń de ènìyàn mọ́lẹ̀ fi di ibi tí ẹsẹ̀ yín kì í tẹ̀ àfi ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá fọ́ ilẹ̀kùn?

ẸNU TA NI Ó KỌ́KỌ́ TI JÁDE?

Àwọn kan ń sọ pé ìwé àṣẹ fún oníṣègùn jẹ́ àṣà òyìnbó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má gbà fún wọn. Nínú hádíìsì tí Abu Dawud àti Ibn Majah gbà wá, Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi yé wa pé ẹni tí ó bá ń ṣe ìwòsàn láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n mọ́ iṣẹ́ náà, ọrùn rẹ̀ ni ohun tí ó bá bàjẹ́ wà. Kò ní bí ó bá ní èrò rere lọ́kàn kí á fi í sílẹ̀. Ìmọ̀ tí ènìyàn ń rí ni ó fi ṣe òṣùwọ̀n.

Àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí ahọ́n. Ní ọdún 319 Hijira, tí í ṣe ọdún 931, ìròyìn dé etí Kálífà al-Muqtadir ní Baghdad pé oníṣègùn kan ṣe àṣìṣe, aláìsàn sì kú. Kálífà pàṣẹ fún ẹni tí ń ṣọ́ ọjà àti iṣẹ́ ọwọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ìwòsàn mọ́ àfi ẹni tí Sinan ọmọ Thabit, àgbà oníṣègùn, bá dán wò. Àwọn òpìtàn sọ pé ẹni tí wọ́n dán wò nínú ìlú kan ṣoṣo yẹn lé ní 860. Arúgbó kan wà nínú wọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ náà ni ó fi ń bọ́ ẹbí rẹ̀. Sinan kò lé e dànù. Ó fi í sílẹ̀, ó sì pa ààlà fún un: kò gbọ́dọ̀ dáwọ́ lé àrùn tí kò mọ̀, kò gbọ́dọ̀ gbẹ́jẹ̀ tàbí fún ènìyàn ní oògùn tí ń ṣuni àfi fún àìsàn kéékèèké.

Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Wọn kò gba oúnjẹ lẹ́nu arúgbó, wọn kò sì fi ẹ̀mí aláìsàn lé e lọ́wọ́. Ohun tí à ń béèrè lónìí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí a mọ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, kí a sì pa ààlà fún ẹni tí kò mọ̀ ju àdúà lọ.

Ní ọdún 1354, wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn Arghun sí ìlú Aleppo ní ilẹ̀ Síríà, ibẹ̀ sì di ibi tí wọ́n mọ̀ dáadáa fún ìtọ́jú àwọn tí orí wọn kò pé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Abu Zayd al-Balkhi, tí ó kú ní 934, ti kọ ìwé lórí àlàáfíà ara àti ti ọkàn, tí ó ṣàlàyé ìbànújẹ́, ìbẹ̀rù àti iyèméjì tí ń da ènìyàn láàmú gẹ́gẹ́ bí àìsàn tí ó ní ìtọ́jú. Àwọn baba wa nínú ẹ̀sìn kọ́ ilé fún wèrè. Ta ni ó kọ́ wa láti so ó mọ́ ìdí igi?

ÀWÍJÀRE WỌN ÀTI ÈSÌ WA

Wọ́n ní àlùjànnú ni ó ń ṣe wọ́n, kì í ṣe àìsàn dókítà. A gbà pé àlùjànnú ń bẹ, nítorí Kùránì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n irin wo ni ó ń de àlùjànnú? Ebi wo ni ó ń pa á? Ẹsẹ̀ ọmọ Ádámà ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ń jẹ, ẹ̀yìn ọmọ Ádámà ni kòbókò ń bó. Nínú hádíìsì tí Bukhari gbà wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Abbas, obìnrin kan wá sọ́dọ̀ Ànábì, ó ní wárápá ń gbé òun ṣubú, ara òun sì ń ṣí sílẹ̀. Ànábì fún un ní yíyàn: bí ó bá fẹ́, kí ó ṣe sùúrù kí ó sì gba Àlùjánnà, bí ó bá fẹ́, kí òun tọrọ ìwòsàn fún un. Obìnrin náà yan sùúrù, ó ní kí Ànábì ṣáà bá òun tọrọ kí ara òun má ṣí sílẹ̀ mọ́, Ànábì sì ṣe é. Ẹ gbọ́ o! Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun béèrè ohun tí aláìsàn fẹ́. Ó bo àṣírí rẹ̀. Àwa tí a ń pe ara wa ní arọ́pò rẹ̀, a ń tú aláìsàn síhòòhò lójú èrò.

Wọ́n ní ìjọba fẹ́ gba ẹ̀sìn lọ́wọ́ wa. Rárá o. Kò sí ẹni tí ó ní kí a gba ìwé àṣẹ kí a tó ka Fátíhà sórí aláìsàn. Rúkíyà kò nílò ìwé, àdúà kò nílò ìwé, àbẹ̀wò sí aláìsàn kò nílò ìwé. Ohun tí ó nílò ìwé ni kí á gba ènìyàn sílé, kí á tì í mọ́, kí á fún un ní oògùn, kí á gbowó lé e. Ṣebí ẹni tí ó fẹ́ kó àlàájì lọ sí Mẹ́kà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ NAHCON, a kò sì pariwo pé wọ́n gba hájì lọ́wọ́ wa. Ìdí rẹ̀ ni pé a rí ohun tí àwọn oníjìbìtì ń fi ojú àlàájì rí. Owó àlàájì wá níyì ju orí aláàárẹ̀ ọpọlọ lọ bí?

Wọ́n ní dókítà kò tó, ilé ìwòsàn sì wọ́n. Òtítọ́ ni èyí, àwa kò sì ní gbójú fò ó. Nígbà tí àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2019, dókítà ọpọlọ tí ó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 300 fún ènìyàn tí ó lé ní 200 mílíọ̀nù. Ọ̀pọ̀ ẹbí ni ó jẹ́ pé ààfáà àdúgbò nìkan ni ọwọ́ wọn tó. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ kò bá tó, ṣé májèlé ni a ó fi rọ́pò rẹ̀? Ẹ rántí Àrò ní Abẹ́òkúta. Láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ti ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Ẹbí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń gba oògùn, wọ́n sì ń bá ará abúlé gbé. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó ń bá wọn ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú dókítà. Ayé gbé e gẹ̀gẹ̀ fún un, ó sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Owó kò pọ̀ ní Àrò nígbà náà, dókítà kò pọ̀. Ojú tí ń ṣọ́ni ni ó wà níbẹ̀. Ààfáà tí ó fẹ́ ran ènìyàn lọ́wọ́ lè bá ilé ìwòsàn ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní bí ìjọba bá dé, rìbá ni yóò dé. Àwíjàre yìí ni ó wúwo jù létí wa, nítorí a mọ ìlú tí à ń gbé. Ìwé àṣẹ tí a bá fi owó rà burú ju àìsí ìwé lọ, nítorí yóò fi òǹtẹ̀ ìjọba lu ìwà ìkà. Ìdí nìyí tí a kò fi béèrè fún ìwé nìkan. Ojú púpọ̀ ni à ń béèrè fún.

OHUN TÍ À Ń FẸ́

Ìkíní, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ kan fún ibi ìtọ́jú ọpọlọ, kí dókítà ọpọlọ àti nọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, kí agbẹjọ́rò wà nínú rẹ̀, kí aṣojú Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì àti oníṣègùn ìbílẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí ẹni tí ó ti ṣàìsàn náà rí tí ara rẹ̀ ti yá má sì gbẹ́yìn. Ojú púpọ̀ kì í jẹ́ kí rìbá rọrùn.

Ìkejì, kí wọ́n máa lọ sí ilé ìtọ́jú láìfi tó onílé létí, kí wọ́n bá aláìsàn sọ̀rọ̀ níbi tí onílé kò ti ní gbọ́.

Ìkẹta, kí ilé kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí a kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ sí: ọjọ́ tí ó dé, ẹni tí ó mú un wá, oògùn tí ó ń lò, ìgbà tí dókítà rí i kẹ́yìn.

Ìkẹrin, kí wọ́n lẹ orúkọ àwọn ilé tí ó ní àṣẹ mọ́ ara ògiri ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, kí a sì máa kà á létí àwọn ènìyàn ní mọ́sáláásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Ìkarùn-ún, kí òfin má ṣe ojúsàájú. Dókítà tí ó bá na aláìsàn, kí ìgbìmọ̀ tirẹ̀ pè é. Ilé ìwòsàn ìjọba tí ó bá de ènìyàn mọ́ bẹ́ẹ̀dì láìnídìí, kí wọ́n pè é. Bí àwọn kan bá wà lókè òfin, àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ kò ní bọ̀wọ̀ fún un.

Ẹ̀YIN ẸBÍ Ń KỌ́?

Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. A mọ ìtìjú tí ó wà nínú rẹ̀. A mọ̀ pé ìyá kan lè ta aṣọ òkè rẹ̀ nítorí kí orí ọmọ rẹ̀ lè pé. A kò bá irú ìyá bẹ́ẹ̀ wí. Ẹni tí a ń bá wí ni ẹni tí ó gbé ọmọ sílẹ̀, tí ó san owó, tí kò sì padà wò ó mọ́ nítorí kí aládùúgbò má baà gbọ́. Ámánà ni ọmọ. Nínú Súrà àwọn Obìnrin, ẹsẹ karùn-ún, Ọlọ́hun pàṣẹ pé bí a kò tilẹ̀ fi owó lé ẹni tí òye rẹ̀ kò pé lọ́wọ́, kí á máa bọ́ ọ, kí á máa fi aṣọ bò ó, kí á sì máa bá a sọ ọ̀rọ̀ dáadáa. Oúnjẹ, aṣọ àti ọ̀rọ̀ rere. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó wà lẹ́nu kòbókò?

Nítorí náà, kí ẹ tó fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ níbikíbi, ẹ béèrè ìwé àṣẹ. Ẹ béèrè orúkọ dókítà tí ń wá síbẹ̀ àti ọjọ́ tí ó ń wá. Ẹ ní kí wọ́n mú yín dé ibi tí àwọn aláìsàn ń sùn, kì í ṣe yàrá àlejò nìkan. Bí wọ́n bá ní ẹ kò gbọdọ̀ wá wò ó fún oṣù mẹ́ta, ẹ gbé ènìyàn yín padà sílé lójú ẹsẹ̀. Ohun rere kì í bẹ̀rù ojú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tiyín pọ̀ jù. Àwọn kan nínú yín ń ka ìmọ̀ ìṣègùn, àwọn kan ń ka ìmọ̀ nọ́ọ̀sì, àwọn kan ń kọ́ nípa ìrònú ẹ̀dá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ ọpọlọ kò bá Mùsùlùmí mu. Ibẹ̀ gan-an ni a ti ń wá yín. Ẹ sì má ṣe pe ọ̀rẹ́ yín tí ọkàn rẹ̀ dàrú ní wèrè kí ẹ máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀yin ààfáà wa, ẹ̀yin lèmọ́ọ̀mù, baba wa ni yín, a kò lè rí yín fín. Bí ilé yín bá mọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún aláyẹ̀wò, kí ayé lè mọ ìyàtọ̀ láàárín yín àti àwọn tí ń fi orúkọ yín jẹun. Bí a bá kọ̀ láti ya ara wa sọ́tọ̀ lónìí, nígbà tí ọlọ́pàá bá tún fọ́ ilẹ̀kùn lọ́la, gbogbo wa ni wọn yóò jọ kà mọ́ wọn.

Ànábì ti fi yé wa pé a gbé kálámù kúrò lórí wèrè títí orí rẹ̀ yóò fi pé, a kò ní kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kálámù náà wà lórí àwa tí orí wa pé, ó ń kọ ohun tí a ṣe sí i. Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláàárẹ̀ wa ní ìwòsàn, kí Ó fi àánú sí ọkàn àwọn tí ń tọ́jú wọn, kí Ó má sì jẹ́ kí a dúró níwájú Rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n ẹlòmíràn lọ́wọ́ wa. Àmín.